Nọ́ọ̀tì Inú Ẹ́ńjìnnì

"Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sókè díẹ̀, Aneesah. Ojú ni mo fi ń ríran, kì í ṣe imú."

Aneesah rẹ́rìn-ín, ó sì gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Mùktárù, bàbá rẹ̀, ti ki orí bọ abẹ́ ìjókòó dírẹ́bà bọ́ọ̀sì wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Abẹ́ ìjókòó yẹn ni ẹ́ńjìnnì wà. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ṣe bọ́ọ̀sì náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i mọ́ láé. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin wà ní kọ̀rọ̀, nínú ihò jíjìn tí sípánà ọjà kankan kò lè dé.

Ìdí nìyí tí Mùktárù fi ń ṣe irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àpótí rẹ̀ kún fún ohun tí ẹlòmíràn yóò pè ní pàǹtí. Sípánà kan wà níbẹ̀ tó fi iná tẹ̀ bíi dòjé. Olófòófó ló ń pè é, torí kò sí kọ̀rọ̀ tí kì í wọ̀. Rọ́bà omi kan wà tó fi ń ki púlọ́ọ̀gì bọ ihò. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ilé náà: irinṣẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti dán an wò lára ẹ́ńjìnnì òkú. Ẹ́ńjìnnì òkú ni ẹ́ńjìnnì kan tó ti dípẹtà lẹ́yìnkùlé wọn ní Mushin. Aneesah kò mọ ibi tó ti wá. Ó bá a nílé ni.

Mùktárù fi Olófòófó tú púlọ́ọ̀gì kẹrin. Bó ṣe tú u tán ni wọ́n pe ìrun Àlàásárì.

"Jẹ́ kó wà nínú ihò rẹ̀," ó ní. "Tí mo bá kírun tán, a jọ máa yọ ọ́. Má fọwọ́ kàn án o."

"Mo ti gbọ́, Dádì."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì yìí ló ń kó àwọn ọmọ jẹ́léósinmi lọ sílé ìwé, òun náà ló sì ń bọ́ gbogbo ilé wọn. Bí kò bá lè jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn òbí á wá ọkọ̀ míì.

Bàbá rẹ̀ kò tíì dé mọ́ṣáláṣí tí Àánúolúwapọ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Irinṣẹ́ tó o ní o ń ṣe níjọ́sí ńkọ́? Mú un wá jàre."

Aneesah mú un jáde. Irin agbòòrùn tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe é. Ó tẹ ẹnu rẹ̀ sí èékánná méjì, ó sì fi nọ́ọ̀tì kékeré kan sí i, èyí tí yóò máa fún èékánná náà pọ̀ mọ́ ohun tó bá gbá mú. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti Tọ́sìdeè.

"Chai! Ìwọ ọmọ yìí! Oyá, fi yọ púlọ́ọ̀gì yẹn, kí n ká a. Gbogbo kíláàsì máa rí i."

"Dádì ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mi ò sì tíì dán an wò."

"Láti yọ nǹkan tí wọ́n ti tú? Abeg, bátìrì mi ti ń kú lọ."

Orí Aneesah wú. Ó ki irin agbòòrùn bọ ihò, èékánná rẹ̀ gbá púlọ́ọ̀gì mú, ó sì fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ sókè. Àánú pariwo ayọ̀. Púlọ́ọ̀gì bọ́ síta. Bó ṣe bọ́ síta, nọ́ọ̀tì yọ̀ kúrò lára irin, ó sì já bọ́ sínú ihò. Ó dún kín-ín lẹ́ẹ̀kan. Kò dún mọ́.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Kí ló já bọ́ yẹn?"

"Nọ́ọ̀tì," ni Aneesah wí.

"Ìyẹn kékeré yẹn? Iná inú ẹ̀ á yọ́ ọ. Ki tuntun bọ̀ ọ́, kó o dé e pa. Ta ló máa mọ̀?"

Àánú pa fídíò náà rẹ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aneesah mọ̀ pé iná kì í yọ́ nọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ó sì ki púlọ́ọ̀gì tuntun bọ ihò, ó fi Olófòófó fún un le.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, ó wo ihò, ó wo irin agbòòrùn.

"Ìwọ lo yọ ọ́? Mo ní kó o má fọwọ́ kàn án." Ó yí irin náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ sì tú ká díẹ̀díẹ̀. "O dán an wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Iṣẹ́ mi ò ní parun," ni Mùktárù wí, ó sì fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀.

Ìyìn yẹn dun Aneesah ju ẹgba lọ. Bàbá rẹ̀ dé ìjókòó padà sórí ẹ́ńjìnnì, ó jókòó lé e, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ibi tó yẹ. "Bísímílà," ó ní.

"Dádì, ẹ má tàn án! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án!"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan irọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mùktárù yọ kọ́kọ́rọ́. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Aneesah ká ní ó pariwo.

"Tẹ̀ lé mi," ó ní.

Lẹ́yìnkùlé, ó gbé orí ẹ́ńjìnnì òkú kúrò, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Irin roboto tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ti sán káàkiri, ó sì ti lu ní ibì kan.

"Ó ku oṣù mẹ́ta kí n parí iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mò ń kọ́, kí n gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ládìpọ̀. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì kékeré kan já bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ẹ́ńjìnnì kọsítọ́mà. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Mo ní ta ló máa mọ̀? Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n tàn án tí ẹ́ńjìnnì náà fi pariwo orúkọ mi. Ọ̀gá mi ra òmíràn fún onímọ́tò. Ó ní kí n máa gbé eléyìí lọ sílé, pé òun ni fúrídọ̀ọ̀mù mi."

Aneesah ti ń rò láti kékeré pé bàbá òun kàn fẹ́ràn iṣẹ́ dírẹ́bà ju ti mẹkáníìkì lọ ni.

"Ẹ́ńjìnnì máa ń mọ̀," ni Mùktárù wí. "Oyá, ìwọ lo jù ú sínú. Báwo la ó ṣe yọ ọ́?"

Aneesah ronú. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì mú báàgì Iléyá rẹ̀ jáde, èyí tó fi bọ́tìnnì mágínẹ́ẹ̀tì ń dé ẹnu. Ó wò ó díẹ̀. Ó fi abẹ gé bọ́tìnnì náà jáde, ó sì so ó mọ́ irin agbòòrùn.

Ó fẹ́ sáré lọ sídìí bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kàn ń wò ó. Ó yí padà. Wọ́n dé orí ẹ́ńjìnnì òkú padà, wọ́n ju nọ́ọ̀tì kan sínú rẹ̀. Ó dára tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, torí mágínẹ́ẹ̀tì kò dé ìsàlẹ̀ rárá. Ara ògiri ihò ló lẹ̀ mọ́. Aneesah gé rọ́bà omi, ó fi wé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá ku ojú rẹ̀ nìkan. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé nọ́ọ̀tì wá.

Nígbà náà ni wọ́n tó padà sídìí bọ́ọ̀sì. Mùktárù tú púlọ́ọ̀gì, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí irin roboto náà fi gòkè. Aneesah ki irin agbòòrùn bọ̀ ọ́. Kò gbé nǹkan kan. Ó tún ki í bọ̀ ọ́, ó rọra yí i. Ó gbọ́ tí nǹkan dún tá. Ó fà á sókè díẹ̀díẹ̀, kò mí títí nọ́ọ̀tì náà fi bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀, òróró dúdú bò ó.

Mùktárù dá púlọ́ọ̀gì padà, ó sì tan bọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń rọra dún jẹ́jẹ́. Omijé bọ́ lójú Aneesah, kò sì nù ún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Aneesah gbé báàgì tí ẹnu rẹ̀ kò lè dé mọ́ lọ sí lẹ́sìnnì, Àánú sì bi í ohun tó ṣe é. Ó sọ fún un.

"Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ná," ni Àánú wí.

"Èmi mọ̀," ni Aneesah fèsì. "Ẹ́ńjìnnì náà sì máa mọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe kì í ṣe òpin ayé. Ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ tirẹ̀ ṣì lè rí nǹkan fi yọ ọ́, ẹni tó bá sì dé e pa, ọjọ́ tó bá tan iná sí i ni yóò rí i. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.