Akọ̀wé Àwọn Ahunṣọ

Lọ́jọ́ tí ìjọba kọ́kọ́ dán akọ̀wé wò ní gbangba, ọkùnrin mẹ́fà ló jókòó sí ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀. Ẹni keje ni ọmọbìnrin aránṣọ kan, nínú aṣọ funfun tí bàbá rẹ̀ lọ̀ títí ó fi le bíi pákó.

Olórí akọ̀wé wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ìyá mi, ṣé o ò ṣìnà? Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bí mo bá ṣìnà, ìwé tí mo bá kọ á fi hàn."

Wọ́n ka ọ̀rọ̀ sétí wọn pé kí wọ́n kọ ọ́. Kí àwọn yòókù tó dé ìdajì, tirẹ̀ ti parí, tàdáwà ò ta sí i rárá. Ajẹ́lẹ̀ gbà á síṣẹ́. Òun ló ń ṣí lẹ́tà ọ̀gá, òun ló ń rán an létí àlejò, òun ló ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé.

Ní oṣù kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ahunṣọ, nítorí ìjọba fẹ́ la ọ̀nà gba àárín ilé wọn. Ìyá àgbà tó ṣáájú wọn kí ajẹ́lẹ̀ tán, ó ní, "Ọlọ́lá, a ò ní kúrò nílé wa." Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ti jáde, ajẹ́lẹ̀ ní, "Kọ ọ́ pé wọ́n gbà."

"Wọn ò gbà, sà."

"Akọ̀wé ò lẹ́nu! Ọwọ́ rẹ la gbà síṣẹ́."

"Ọwọ́ ọ̀hún ló kọ ọ́ pé wọn ò gbà, sà." Ó dé ìgò tàdáwà, ó jáde.

Nílé, bàbá rẹ̀ káwọ́ lérí. "Iṣẹ́ tí ọkùnrin mẹ́fà ń wá! O fọwọ́ ara rẹ jó o níná!"

Ọmọbìnrin náà ò kábàámọ̀. "Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin á rán aṣọ òkú fún ẹni tó ṣì ń mí?"

Bàbá mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ tó ń rán.

Akọ̀wé gba ilé àwọn ahunṣọ lọ, ó sì bá wọn kọ̀wé sí ọ̀gá tó ju ajẹ́lẹ̀ lọ pé wọn ò gbà. Èsì dé pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún un gbọ́ lọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀, òun ló ṣáájú wọn wọlé. Olórí akọ̀wé fa àga fún un láìwojú rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà.

"Ẹ rọra, sà. Ẹ tún un sọ. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ."

Ẹ̀yìn àdúgbò ni ọ̀nà náà gbà níkẹyìn. Ọmọ aránṣọ ò jẹ owó oṣù ìjọba mọ́ láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó, kò sí ajẹ́lẹ̀ tó fẹ́ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kì í kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé akọ̀wé wọn ti dé?"