Omi Iyọ̀ ní Lalala

"Iyọ̀ ni!" Dókítà Marie-Laure tún tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀. "Maman, omi iyọ̀ lásán ló wà nínú ìgò yìí. Ta ló fún yín?"

Sìkírátù di àga mú. Aṣọ ọmọdé ló ń rán ní Lalala, àdúgbò kan ní Libreville, ojú ló fi ń jẹun. "Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni, Cédric. Ó máa ń gbé e wá bá mi nílé, ó ní kí n má wulẹ̀ wá tò mọ́. Ojú ló ń ṣú mi jù tí mo fi wá lónìí."

"A kì í rán ẹnikẹ́ni lọ sílé. A ò sì ní Cédric."

Yunifásítì ló ń ṣe ará Lalala lóore. Lóṣooṣù ni wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Lalala, wọ́n á pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wọ́n á yẹ ojú aráàdúgbò wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fún ẹni tí omi inú ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù tó ń ba ojú jẹ́ ní oògùn tí yóò máa kán sí i. Oògùn yẹn kì í dá ojú tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń ṣọ́. Ojú ọ̀tún Sìkírátù ti lọ báyìí. Tòsì náà ti ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́.

"Tí ẹ bá tún kán omi yìí, a ò ní rí èyí tó kù gbà là," ni dókítà wí.

"Háà! Mo gbé! Kí ni mo ṣe fún ọmọ yẹn?"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ẹni tó jẹ́, torí inú ń bí mi. Kévin Akíntọ́lá ni, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń di kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn mú. Ojúlówó oògùn ló ń tà fún ọkùnrin kan tó ní famasí ní àdúgbò Louis, ilé ọtí Louis náà ló sì ń ná owó rẹ̀ sí. Á wá bu iyọ̀ sómi, á rọ ọ́ sínú òfìfo ìgò, á gbé e lọ fún àwọn àgbàlagbà nílé, kí wọ́n má bàa wá síbi tí dókítà ti máa wo ojú wọn. Ọ̀dájú ẹ̀dá! Libreville ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Adétóun ìyá rẹ̀, tíṣà ilé ìwé ìjọ ní Okala, Yorùbá ló fi tọ́ ọ dàgbà. Níwájú Sìkírátù, Faransé nìkan ló ń sọ, ó ní ọmọ Gabon lòun.

Àdúrà ni kò jẹ́ kó gbádùn owó náà. Bí Sìkírátù bá ti gba ìgò tán, á ní, "Wàá jèrè ìwé ẹ. Ìyá ẹ ò ní fojú sunkún ẹ." Ó rò pé ọmọ náà kò gbọ́. Kévin á pa ẹnu dé gbọin, ó di ìgbà tó bá jáde sí títì kó tó rọra ṣàmín. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ irú àdúrà yẹn tí ẹnu rẹ̀ á gbà láti dákẹ́? Nílé, bí ìyá rẹ̀ bá ti ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, oúnjẹ ti sú u nìyẹn. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dáa, ó sì ń ṣe é.

Ọ̀gá Judicaël, ọlọ́pàá tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́, kì í fi ẹnu ṣòfò. Ó pe àwọn tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan Kévin.

"O mọ obìnrin yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ èdè wọn."

"Akíntọ́lá lorúkọ bàbá ẹ."

"Orúkọ lásán ni, ọ̀gá. Faransé nìkan ni mo gbọ́."

"Tó bá jẹ́ irọ́ lò ń pa, wàá jìyà ẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kévin sáré lọ sí Louis láti kìlọ̀ fún onífamasí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àwọn ọlọ́pàá tó ń yẹ famasí wò káàkiri fi dé iwájú ilé. Ó gba ilé ìdáná ilé ọtí tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ jáde. Onífamasí ní òun ò mọ nǹkan kan, àwọn ọlọ́pàá sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Judicaël to gbogbo àwọn tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú sínú ọgbà yunifásítì, èrò pé lé wọn lórí, ó mú Sìkírátù wá.

"Ẹ wò wọ́n dáadáa. Èwo ni?"

Ó sún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ níwájú Kévin. "Ọ̀gá," ni Sìkírátù wí, "ojú tí ẹ ní kí n fi dá a mọ̀, òun náà ló bà jẹ́."

Judicaël ní kí wọ́n kí i. "Bonjour, Maman," ni Kévin wí, ó yí ohùn padà. Sìkírátù mi orí, kò dá a mọ̀.

Marie-Laure káwọ́ gbera. "Àwọn aláṣẹ ti sọ pé bí a ò bá rí olè yìí, yunifásítì ò ní pàgọ́ sí Lalala mọ́. Mi ò mọ ohun tí n ó sọ fún yín, Maman."

Kévin gbọ́ ọ. Ojú tì í, àmọ́ kò kúrò lójú kan.

"Ẹ gégùn-ún fún un!" ni ẹnìkan pariwo láàárín èrò.

"Mi ò ní gégùn-ún." Sìkírátù tẹ orí ba, ó yí sí Yorùbá, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run, ẹni tó rọ iyọ̀ sí mi lójú, ìyá kan ló bí i. Má jẹ́ kí ojú ìyá náà fọ́ bíi tèmi o."

"Àmín."

Ẹyin lohùn o. Ó ti bọ́ lẹ́nu Kévin. Àwọn tó kù lórí ìlà ń wo ara wọn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àdúrà ni.

"Kí ló wí?" ni Judicaël bi Sìkírátù.

"Ó ṣàmín," ló dáhùn. "Sí àdúrà tí mo fi Yorùbá ṣe."

"Ìwọ tí o ò gbọ́ èdè wọn?" Judicaël gbá a léjìká mú.

Kévin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, mà. Èmi ni Cédric. Ọlọ́run mọ̀, ó ti sú mi."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé ibi tí onífamasí kó àwọn páálí oògùn pamọ́ sí. Àwọn ọlọ́pàá lọ sí Louis, wọ́n kó oògùn dé, wọ́n mú ọkùnrin náà dé. Marie-Laure ṣí ìgò tuntun, ó kán an sójú òsì Sìkírátù.

"Yéè! Ó ta mí!"

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Maman. Iyọ̀ díẹ̀ yẹn kì í tani, oògùn gidi ló ń tani. Ẹ máa kán an, ojú yìí ò ní lọ."

Sìkírátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alhamdulilahi! Ó ta mí o!" Dókítà ní àgọ́ yóò padà sí Lalala, gbogbo àgbàlagbà tó ti ń kán iyọ̀ yóò sì gba ojúlówó oògùn tiwọn.

Bí wọ́n ṣe ń mú Kévin lọ, ó yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n má pe ìyá mi."

Sìkírátù fi ojú kan tó kù wò ó títí. "Ìwọ náà lo ṣàmín sí i. Ojú ìyá ẹ ò fọ́. Jẹ́ kó wá fi wò ọ́."

Judicaël gba fóònù ọmọkùnrin náà, ó sì pe Adétóun.