Fídíò Tí Télọ̀ Fi Bá Ọmọ Rẹ̀ Wí

Òórùn aṣọ tó ń jóná ló gbé télọ̀ dìde nídìí máṣíìnì. Kó tó dé ìdí tábìlì, áyọ́ọ̀nù ti lu aṣọ oníbàárà já. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tó yẹ kó máa lọ aṣọ náà, tẹjú mọ́ fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Yéè! O ti ba tèmi jẹ́! Aṣọ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà lọ́la!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, mi ò mọ̀ pé..."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀? Fóònù ti gba orí ẹ!"

Inú ń bí télọ̀ gan-an, àmọ́ kò nà án o. Ó ti pẹ́ tó ti ní òun ò ní í na ọmọ mọ́. Ó ní kó kúnlẹ̀, kó gbé aṣọ jíjóná náà lérí, ló bá gbé fóònù tirẹ̀, ó ń ya fídíò.

"Sọ ọ́ kí gbogbo ẹbí gbọ́: 'Aláìnítìjú ọmọ ni mí!'"

Ọmọ ń sunkún, ó sọ ọ́. Télọ̀ fi fídíò náà sórí gúrúùpù ẹbí. Lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde nílé.

Áà, fídíò kì í jókòó síbi tí a bá fi í sí! Ìbátan kan fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo kíláàsì Ẹlẹ́rìn-ín ti rí i. "Aláìnítìjú" ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ délé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò jẹun. "Mi ò lọ sílé ìwé mọ́ láé," lọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ. Ẹ̀rù ba télọ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n wo fídíò náà tán, ó mi orí. "Ìwọ náà! O ní o ò nà án. Kí lo wá ṣe yìí? Gbogbo ẹni tó bá ti ń wò ó ló ń bá ẹ nà án."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa wò ó níran ni? Ó jó aṣọ aláṣọ!"

"Ta ló ní kó o máa wò ó? Bá a wí! Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ mú fóònù dání nídìí iṣẹ́. Jẹ́ kó bá ẹ rán aṣọ mìíràn dípò. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Omi bọ́ lójú télọ̀. Ó pa fídíò náà rẹ́, ó bẹ ẹbí kí wọ́n pa tiwọn rẹ́, ó sì lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo ṣe é láṣejù. Má bínú."

Ọmọ dáhùn láti inú yàrá. "Mọ́mì, ojú gbogbo wọn lẹ ti dójú tì mí. Kọ̀rọ̀ lẹ wá ti ń bẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ télọ̀ lára. Níbẹ̀ náà ló ti kọjú fóònù sí ara rẹ̀, ó ya fídíò mìíràn sórí gúrúùpù ẹbí. "Ẹ̀yin ẹbí, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ọmọ mi kì í ṣe aláìnítìjú. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo yín."

Ọmọ ṣílẹ̀kùn. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ lọ bá olùkọ́ ní ilé ìwé. Olùkọ́ kìlọ̀ fún kíláàsì, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pè é lórúkọ yẹn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín wí, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti bá a wí. Ẹ jọ fi òfin fóònù lélẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì pa á mọ́. Bí ọmọ bá dákẹ́, tí kò jẹun, ẹ tètè wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, bíi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ẹ má sì fi omijé ọmọ yín ṣe fídíò láé. Ti orí fóònù yín lẹ lè pa rẹ́. Ẹ ò lè pa ti orí fóònù ayé rẹ́.