Ẹni Tó Fọwọ́ Kan Ọkọ̀ Kẹ́yìn

Bọ̀ọ̀dá Olúbọ̀dé tún yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń yí, ṣùgbọ́n kò gbiná.

"Àná ni Múdàṣírù mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀," ni ó wí. "Èmi náà ni mo sì wà á wálé láti Ìkọ̀tún. Kí ló wá dé?"

Títí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúró pẹ̀lú garawa ìfọkọ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ojú sí ilẹ̀.

Gbogbo Ẹgbẹ́dà ló mọ ọkọ̀ pupa yìí. Ní ọdún 1989 tí Bọ̀ọ̀dá gbé e dé láti òkè òkun, àwọn mẹkáníìkì wá wò ó bí ẹni wo ìyàwó tuntun, wọ́n sì mi orí lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítìnnì tó ń lọ sókè sódò bíi ti ọkọ̀ yòókù. Irin onígun mẹ́ta ló ń yí bírí nínú rẹ̀. Eré rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n àkẹ́bàjẹ́ ni. Ó ń mu ọ́ìlì bí ó ti ń mu bẹntiróò. Múdàṣírù ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkọ̀tún, nìkan ló gbà láti máa tọ́jú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Susanna, ọ̀rẹ́ Títí, ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Fífọ̀ nìkan ni tìẹ ṣá. O ò lè tan án rárá, àbí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Títí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ní pálọ̀, ó tan ọkọ̀, ó wà á dé ìdí kànga. Ẹ̀rù bà á, ó sì pa á kíá. Àwọn méjèèjì tì í padà sáyè rẹ̀.

Ṣé ìrìn bíńtín yẹn lè pa ọkọ̀? Àbí Múdàṣírù ló ṣe àṣìṣe lóòótọ́? Títí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, orí rẹ̀ dàrú. Kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Múdàṣírù. "Ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ni mo mọ̀," Bọ̀ọ̀dá sọ fún un níwájú àwọn ayálégbé inú ilé rẹ̀. "Ìwọ lo bà á jẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná."

"Má fọwọ́ kàn án. Ayédèrú mẹkáníìkì ni ọ́. Lọ́la ni ẹlòmíràn máa tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀."

Múdàṣírù wo àwọn ènìyàn tó ń wò ó. Àwọn kan nínú wọn máa ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Àánú rẹ̀ ṣe Títí gan-an.

"Má sọ nǹkan kan o," Susanna kìlọ̀ ní ọ̀sán. "Ṣé o mọ̀ dájú pé ìwọ ni? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n kò tẹ́ Títí lọ́rùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú Bọ̀ọ̀dá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo tan ọkọ̀ yín lánàá. Mo wà á dé ìdí kànga, mo sì pa á. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ló fà á."

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí i. "Ṣé o jẹ́ kó gbóná kó o tó pa á?"

"Rárá, sà."

"Epo ti bo púlọ́ọ̀gì nìyẹn." Ó ṣàlàyé pé bí irú ẹ́ńjìnnì yìí bá tutù, epo púpọ̀ ló ń fà, bí a bá sì pa á láìtíì gbóná, epo náà yóò rin púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i, iná kò ní mú. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì náà, ó nù wọ́n gbẹ, ó dá wọn padà. Ọkọ̀ náà wúkọ́, ó rú èéfín, ó sì tan. Kò sí ẹni tó yọ̀ nínú wọn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bẹ Múdàṣírù ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mo ti dárí jì yín, ọ̀gá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ayálégbé yín ti wá gbé ọkọ̀ wọn kúrò níbí láàárọ̀ yìí. Ta ló máa bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo bà á jẹ́?"

"Èmi ni, sà," Títí dáhùn.

Ó lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Wọ́n ní kò burú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ Múdàṣírù.

Ẹyin ni ohùn: bí ó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi.