Àkísà Pupa Ara Súìṣì

"Má fọwọ́ kan àkísà yẹn o," bàbá mi kìlọ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde lọ ra wáyà. "Gbohùngbohùn òkè ń ṣiṣẹ́."

Gbohùngbohùn ni bàbá mi ń tún ṣe. Tí wọ́n bá tún ọ̀kan ṣe tán, wọ́n á gbé e sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kọjú rẹ̀ sí títì, wọ́n á sì so àkísà pupa mọ́ súìṣì, kí ẹni tó bá wọlé lè ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo kéré, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ náà ní gbohùngbohùn. "Ó ń gba ohùn ni," wọ́n ní. "Kò mọ àdúrà yàtọ̀ sí èébú. Ohun tó bá gbà náà ló máa fi ránṣẹ́."

Bí wọ́n ṣe lọ tán ni olórí kíláàsì wa yà wá. Ọmọbìnrin tí gbogbo wa ń wojú rẹ̀ ni. Inú mi dùn débi pé mo tú àkísà pupa náà, mo fi nu bẹ́ǹṣì fún un.

"Ṣé òkè òkun ni ìyá Ìkejì ẹ wà lóòótọ́?" ó bi mí. Ìkejì ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ mi, nítorí a kì í ya ara wa.

"Mi ò mọ̀."

"O mọ̀. Àbí o ò fẹ́ bá wa ṣẹgbẹ́ ni?"

Mo fẹ́. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo fẹ́ ẹ gan-an. Mo tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, níbi tí maikirofóònù ẹ̀rọ òkè náà wà, mo sì rọra sọ ọ́: "Ẹ̀wọ̀n ni ìyá ẹ̀ wà. Ó ti pé ọdún méjì."

Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn ara mi lójú títì. Mo sáré jáde. Ìkejì dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ìwé tó bá mi kọ nígbà tí ara mi ò yá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó gbé ìwé náà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ.

Nígbà tí bàbá mi dé, wọn ò lù mí. Wọ́n so àkísà padà. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," wọ́n ní. "Ẹnu ẹ̀rọ yìí ṣeé pa. Tìrẹ ńkọ́?"

Ìkejì ò ṣèdánwò pẹ̀lú wa. Ìyá àgbà rẹ̀ ti mú un lọ sí ìlú mìíràn. Olórí kíláàsì náà ò sì bá mi ṣẹgbẹ́. "Ẹ má sọ nǹkan kan létí ẹ̀ o," ó sọ fún gbogbo kíláàsì, "gbohùngbohùn ni."

Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè mí títí dòní, mi ò sì lè bínú. Ká tiẹ̀ ní mi ò tú àkísà, tí ará títì ò sì gbọ́, mo ti sọ ọ́ fún olórí kíláàsì náà. Àṣírí tí ọ̀rẹ́ fi sí ẹ lọ́wọ́, kì í ṣe tìẹ láti fi wá ọ̀rẹ́ mìíràn.