Ètò Tó Gba Ẹ̀bà Wọlé

Bàbá mi tẹ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà níwájú gbogbo gáréèjì Ore. Kọ̀ǹpútà ní: "KÒ PÉ. MÁ WỌLÉ."

"Rọ́fíàt," ni bàbá mi, Sàlíhù, alága gáréèjì náà, wí, "ṣé èmi náà ni kò gbọdọ̀ wọlé?"

Èmi ni mo fi C, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò náà, kó lè máa dá nọ́ńbà ọkọ̀ tó pé mọ̀ lẹ́nu géètì: lẹ́tà mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Bàbá ti ṣèlérí pé bó bá ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni màá lọ kọ́ ní yunifásítì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, mo di ọmọ iṣẹ́ àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Odigbo.

Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúwagbémiga, ti kìlọ̀ fún mi: "Fi nọ́ńbà tó pé àti èyí tí kò pé dán an wò o." Ṣùgbọ́n Lọ́pẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní, "Kò kúkú gbé àṣìṣe kankan jáde. Jẹ́ ká lọ jẹun jàre." A lọ jẹun. Nígbà tí tíṣà bi mí, mo ní mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Zachariah, awakọ̀ tó ń ná Agbabu, kì í ríbi ṣàwàdà kó má ṣe é. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ EBA. Kọ̀ǹpútà ní: "Ó PÉ. WỌLÉ."

"Alága, ẹ̀bà ti wọlé o! Ọbẹ̀ ló kù!"

Ó tẹ OBE. Ọbẹ̀ náà wọlé. Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi àti bàbá mi.

Tíṣà, tó wà láàárín èrò, wá yẹ iṣẹ́ mi wò. "Regcomp tó ń pèsè àpẹẹrẹ nọ́ńbà kò ṣẹ̀. Regexec tó ń fi ohun tí a tẹ̀ wé e kò ṣẹ̀. Bó bá bá a mu, òdo ló máa ń dá padà. Ìwọ wá ka òdo sí pé kò bá a mu! Nọ́ńbà kan péré ì bá ti fi hàn ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá wo lo dán an wò?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Irọ́ ni mo pa. N kò dán an wò rárá."

Bàbá na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Tún un ṣe," ló wí.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo yí padà. Bàbá wá ní kí gbogbo awakọ̀ tò, kí kálukú tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kó sì tẹ ìsọkúsọ kan tẹ̀ lé e. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo jókòó tì wọ́n. Ọkọ̀ wọlé, ẹ̀bà kò wọlé mọ́.

"Yunifásítì ni wàá lọ," ni bàbá mi wí, "nítorí pé o jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, ìwọ ni olùṣọ́ géètì yìí títí tí wàá fi lọ."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ dán iṣẹ́ yín wò kí ará ìta tó bá yín dán an wò, ẹ má sì sọ pé ẹ ti ṣe ohun tí ẹ kò ṣe. Bí ẹ kò bá gbọ́, Zachariah wà ní Ore. Sátidé tó kọjá, ó yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, ó ní: "Rọ́fíàt, mo gbé ẹ̀bà o. Ṣé kí n wọlé?"