Òkúta Orí Sàréè Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ọjọ́ tí akéde kóòtù gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìdájọ́, tí ó ka òfin tuntun sétí ayé pé kò sí ẹrú, kò sì sí olówó ẹrú mọ́, ọjọ́ náà ni ó pé ọjọ́ mẹ́ta géérégé tí wọ́n sin ìyá aránṣọ.

Èrò pọ̀ bí eéṣú níwájú kóòtù. Àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn dúró tẹrùtẹrù. Àwọn ìjòyè wọ ẹ̀wù àrán tí wọ́n fi okùn wúrà gbá létí, ojú wọn le koko bí ojú ẹni tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lẹ́rù. Àwọn tí òfin dá sílẹ̀ ń dì mọ́ra wọn. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èrò, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè dìde.

Aránṣọ nìkan ló dúró láìmira, abẹ́rẹ́ méjì gún mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí náà ló fi ra ara rẹ̀ padà nígbà tó wà lọ́mọge. Láti ìgbà náà, ọdún méje gbáko, ló ti ń ju owó sínú ìkòkò kan kí ó lè ra ìyá rẹ̀ náà. Ó kù díẹ̀ kí owó pé ni ikú yọjú. Ká ní ikú tún ṣe sùúrù fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ìyá ì bá ti di òmìnira láìsan kọ́bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olóyè tí ìyá rẹ̀ sìn fún ogójì ọdún ránṣẹ́ pè é. Ó bá a lórí àga gíga, ìrùkẹ̀rẹ̀ lórí itan. Aránṣọ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"O kú ara fẹ́ra kù, ọmọ mi. Mo ti ní kí wọ́n gbé òkúta funfun kan wá láti èbúté, irú èyí tó wà lórí ibojì ọba tó wàjà. A ó kọ ọ́ sí i pé: *Kíákíá, ẹrú olóòótọ́ ti ilé Olóyè.* Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé mo moore."

Kíákíá ni gbogbo ilé ń pe ìyá náà, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń rán an níṣẹ́ nìyẹn: kíákíá, lọ pọnmi, kíákíá, wá gbálẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà di orúkọ.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹrú tó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́."

"Kí òfin tó dé ló kú. Ohun tó jẹ́ ni mo kọ."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ fi òkúta yín sílẹ̀. Èmi ni màá ra ti ìyá mi."

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lo fẹ́ kọ sí i? Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn?"

Aránṣọ kò mọ̀ ọ́n. Ó kí Olóyè pé ó dàárọ̀, ó sì jáde.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi gbé ìkòkò owó rẹ̀ dé ọgbà agbẹ́kùúta. Eruku ti sọ ìpéǹpéjú bàbá náà di funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àpò ìyẹ̀fun.

"Kò sóníbàárà tó dà bíi tèmi," ni ó fi kí i káàbọ̀. "Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá ṣàròyé rí. Èwo lo fẹ́?"

Ó fi òkúta funfun hàn án. Ó rọrùn ún gbẹ́, ṣùgbọ́n tí òjò ogún ọdún bá ti rọ̀ sí i, ìwé ara rẹ̀ á pa rẹ́. Ó fi pupa hàn án. Ìyẹn lẹ́wà, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń là á. Aránṣọ kọjá lára gbogbo wọn, ó dúró ti ọ̀kan lẹ́yìn ọgbà, tí adìyẹ bà lé lórí.

"Èyí ńkọ́?"

"Òkúta dúdú nìyẹn. Olórí kunkun ni. Á jẹ mí ní irin ìgbẹ́ mẹ́wàá, á sì gbà mí lóṣù kan."

"Òjò ńkọ́?"

"Òjò ò rí i gbé ṣe."

"Òun ni mo fẹ́." Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ bá mi gé e ná. Mò ń bọ̀ wá sọ ohun tí ẹ máa kọ."

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé tó lè mọ̀ ọ́n. Ìyá oníyọ̀ tó ń tajà lẹ́bàá odò, òun àti ìyá aránṣọ ni wọ́n jọ so mọ́ okùn kan náà nígbà tí ogun kó ìlú wọn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ń fọwọ́ wá ife ìwọnyọ̀ rẹ̀.

"Ìyá, kí ni wọ́n ń pe ìyá mi kí ẹ tó débí?"

Ọwọ́ arúgbó náà ba ife náà. "Lójú ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá dárúkọ ara rẹ̀, pàṣán ni. A bá gbé orúkọ wa mì. Mi ò mọ tirẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí wa lẹ́sẹ̀, mò ń sunkún, òun ń fi ìka kan irin náà wò. Ó ní, 'Iná ò ràn mọ́ irin yìí dáadáa. Bàbá mi ò jẹ́ rọ irú jákujàku báyìí.' Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Inú ìdè ló wà tó ń bú iṣẹ́ ẹni tó dè é."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rín náà. Ó gba ọ̀dọ̀ agbẹ́kùúta lọ láti sọ ohun tí yóò kọ.

Àmọ́ Olóyè náà ò sùn. Ó ti ní kí akọ̀wé òun kọ ibojì náà sórúkọ òun nínú ìwé itẹ́ òkú, kò sì sẹ́ni tó lè rì òkúta mọ́ ibẹ̀ láìgbàṣẹ rẹ̀. Aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Àwọn ará àdúgbò ní kó má forí gbárí pẹ̀lú òkè. Ó ní òun ò fẹ́ kí òkè ṣí nídìí, kó sáà kúrò lórí ìyá òun ni.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Adájọ́ ti awò ojú rẹ̀ sókè.

"Olóyè, kí ni òkú yìí jẹ́ sí yín?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Olóyè, òfin tuntun sì ti sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá pe ọmọ èèyàn ní ẹrú òun. Ó wúkọ́.

"Ará ilé mi ni, Olúwa mi."

"Ó dára. Ọmọ ta ni?"

Olóyè wo akọ̀wé rẹ̀. Akọ̀wé wo àjà.

"Ìwọ ńkọ́, aránṣọ?"

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, Olúwa mi," ni ó dáhùn. "Bàbá rẹ̀ mọṣẹ́ débi pé ọmọ náà mọ irin tí kò dáa, kódà nígbà tó wà lẹ́sẹ̀ òun fúnra rẹ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ kọ̀wé díẹ̀. "Ẹni tó mọ ibi tí òkú ti ṣẹ̀ wá ló ni ibojì," ó wí, ó sì pe ẹjọ́ tó kàn.

Nígbà tí oṣù pé, ọkùnrin mẹ́rin gbé òkúta dúdú náà dé itẹ́ òkú, agbẹ́kùúta ń tẹ̀ lé wọn, ó ń ráhùn nítorí irin rẹ̀ mẹ́rìnlá tó kú. Wọ́n gbé e nàró, wọ́n fi erùpẹ̀ kì í nídìí. Ìyá oníyọ̀ náà wá, ó ń tẹ̀pá. Ó na ọwọ́ sí ara òkúta náà, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kà á fún mi."

Aránṣọ, tó kọ́ ìwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù, kà á sókè: "Ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ìyá aránṣọ."

"Ó tán?"

"Ó tán, Ìyá."

"Ó tó." Arúgbó náà ò gbé ọwọ́ kúrò. "Apẹja ni bàbá tèmi. Kọ ọ́ síbì kan."

"Ìyá, ẹ ò tíì kú."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń fẹnu ara mi sọ ọ́ nìyẹn."

Aránṣọ wá ibi tó lè kọ ọ́ sí, kò rí, ni ó bá tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí koríko, ó fi ẹfun ìsàmì aṣọ kọ ọ́ síbẹ̀: *ọmọ apẹja.* Nígbà tó gbójú sókè, ọkùnrin arúgbó kan ti bọ́ fìlà, ó dúró lẹ́yìn oníyọ̀. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn tí òfin dá sílẹ̀ sì ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, ètè wọn ń mì bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí.

"Ó yá, Bàbá," aránṣọ sọ fún ti iwájú. "Ọmọ ta ni yín?"